Ta ló máa kọ́kọ́ kẹ̀yìn sógun? Ohun táwọn ikọ̀ ń ṣe gan-an nígbà tí ìbọn ń dún

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ. Gbogbo ìgbà tí ogun bá ń jà níbì kan, àwọn kan tó wọ kóòtù la máa ń rí lórí tẹlifísàn tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó bá di ọjọ́ kejì bọ́ǹbù á tún balẹ̀. Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an? Ṣebí ẹni tó bá lágbára jù náà ló máa borí? Àbúrò mi obìnrin fẹ́ lọ ka international relations, bàbá wa sì ní iṣẹ́ àwọn tó ń jẹ ìrẹsì ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Ìgbájọ ni wá, Ìbàdàn la ń gbé."

Àbúrò mi, o ṣé tó o béèrè. Má wulẹ̀ bá bàbá yín jà lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì o, wọ́n ń jẹ ìrẹsì lóòótọ́, èmi náà ti bá wọn jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní nǹkan yìí, mo sì ti jókòó sẹ́yìn yàrá rí níbi táwọn àgbàlagbà ti fi odindi ọ̀sán kan jà lórí bóyá kí wọ́n kọ "á" tàbí kí wọ́n kọ "lè" sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé iṣẹ́ náà dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ká tó dé hòtẹ́ẹ̀lì, ilé yín ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ Ìgbájọ kọ́ ló yẹ kó máa bi mí ní ohun tí ikọ̀, ìyẹn aṣojú tí wọ́n rán lọ jíṣẹ́, ń ṣe nígbà ogun. Ẹ̀yìnkùlé yín ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì.

Ìtàn ẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹ. Ní 1878, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn (aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú wọn), Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà àtàwọn mìíràn kóra jọ, wọ́n pera wọn ní Èkìtì Parapọ̀, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Nígbà tó fi máa di 1880, Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, ti kó àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ, Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀ (tóun fúnra ẹ̀ ti kọ́ ogun lọ́dọ̀ àwọn Ìbàdàn yìí kan náà) kó tiẹ̀ sápá Ìmẹ̀sí-Ilé, odò kékeré kan wà láàárín wọn tí wọ́n sọ ní Fẹ̀jẹ̀bọ́jú, orúkọ yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀. Ìró ìbọn ńlá táwọn Èkìtì Parapọ̀ rà wá láti Èkó ló ń dún kírìjì, kírìjì, tí ogun fi gba orúkọ. Wọ́n rò pé á parí kíákíá. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá, ọdún kẹta kọjá, àgọ́ ogun di ìlú, wọ́n kọ́lé alámọ̀, wọ́n ń dáko, àwọn ọmọ ń bẹ tó jẹ́ àgọ́ ni wọ́n bí wọn sí, tí wọn ò mọ ibòmíì nílé.

Ibi tí mo fẹ́ kó o dúró wò dáadáa rèé. Ní August 1885 Látòósà kú sínú àgọ́ yẹn. Ó ti sú gbogbo èèyàn nígbà yẹn. Ó ti sú àwọn Ìbàdàn torí ọ̀tá yí wọn ká, Ẹ̀gbá níbí, Ìjẹ̀bú níbẹ̀yẹn, Ìlọrin lókè, Ifẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀nà tí ẹ̀tù àti iyọ̀ ń gbà wọlé ti dí. Ó ti sú àwọn Èkìtì náà torí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń jagun, oko wọn ló ń di igbó. Bó bá wá sú gbogbo èèyàn, kí ló dé tí wọn ò dìde kí wọ́n máa lọ sílé?

Wọn ò lè lọ ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kẹ̀yìn ló kú. Tí àwọn Ìbàdàn bá palẹ̀ mọ́ láàárọ̀ tí wọ́n doríkọ ọ̀nà Ìkìrun, tàwọn tobìnrin tọmọdé, tẹrù tẹrù, kí ló máa dá Ògèdèǹgbé dúró pé kó má sọ̀kalẹ̀ lé wọn kó pa wọ́n bí eku? Èkìtì náà tí wọ́n bá tú ká lọ sílé wọn, ta ló fọwọ́ sọ̀yà pé Ìbàdàn ò ní padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti máa mú ìlú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Gbogbo wọn fẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó lè ṣíwájú. Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀ yẹn. Ikọ̀ ò lágbára tó lè fi dá ogun dúró, kò níbọn, kò lọ́mọ ogun. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá bí ẹni méjì tí ogun ti sú á ṣe gbé nǹkan ìjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láì sẹ́ni tí ojú máa tì, láì sẹ́ni tí wọ́n máa gún lẹ́yìn.

Wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kò rọrùn rárá o. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ló kọ́kọ́ gbé e sókè, ní October 1881 ó kọ lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó pé kí wọ́n wá bá òun parí ìjà àwọn ọmọ òun. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà rù ni Samuel Johnson, pásítọ̀ CMS, ìjọ Áńgílíkà, tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà yẹn, ẹni náà tó wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń kà dòní. Ronú sí ipò tí Johnson wà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ti gbé Ìbàdàn pẹ́, nítorí náà àwọn Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó, àwọn tó ti Sàró (Sierra Leone) àti oko ẹrú Brazil padà wálé, ń wò ó pé tàwọn Ìbàdàn ló ń ṣe. Ààrẹ Látòósà tún ń wo Aláàfin fúnra ẹ̀ tìfura-tìfura, torí ẹ̀sùn wà nílẹ̀ pé lọ́sàn-án Aláàfin á ránṣẹ́ ìlàjà, lóru á máa ti àwọn ọ̀tá Ìbàdàn lẹ́yìn. Ikọ̀ tí wọ́n ń fura sí ẹni tó rán an, tí wọ́n tún ń fura sí òun náà, àfi kó máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin. Lẹ́tà yẹn ò parí ogun. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ kó sí i nígbà yẹn, ọdún bíi márùn-ún ló tún gbà, míṣọ́nárì òyìnbó kan, J. B. Wood, gbìyànjú tiẹ̀ láàárín, ó lọ, ó bọ̀, kò yọrí.

Ṣùgbọ́n wò ó, àwọn ọdún tó dà bíi pé wọ́n ṣòfò yẹn, ọ̀nà ò dí. Ẹnì kan wà tó lè rìn láti ọ̀dọ̀ tibí dé ọ̀dọ̀ tọ̀hún kó padà láàyè, tó sì mọ ohun tó ń bí kálukú nínú àtohun tí kálukú lè gbà. Tí ọ̀rọ̀ bá wá gbóná tán tó fẹ́ tutù, ìmọ̀ tó ti wà lórí ẹ̀ yẹn ni wọ́n máa lò. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ní "Sir, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọdún márùn-ún, kò sí result." Mo máa ń bi wọ́n pé tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ fún ọdún márùn-ún ńkọ́, ta ni wọ́n ò bá rán lọ́dún kẹfà?

Ní 1886 Gómìnà Moloney l'Ékòó rán Johnson pẹ̀lú Charles Phillips, pásítọ̀ tó wà l'Óǹdó, pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ. Wò ó bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà, ọgbọ́n wà ńbẹ̀: Johnson lọ sí àgọ́ Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, Phillips lọ sí ti Èkìtì Parapọ̀, torí àwọn ará apá ibẹ̀ ti mọ òun lójú ọ̀nà. Wọn ò rán àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kálukú ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tó lè fojú sí lára. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kì í wá ṣe pé kí wọ́n wàásù pé ogun ò dáa, ta ni ò mọ̀? Wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìlú wo ló máa jẹ́ ti ta? Ta ló máa kúrò níbo? Lọ́jọ́ wo?

Ibẹ̀ ni Ìgbájọ yín ti wọlé. Àwọn Ìbàdàn gbà, pẹ̀lú ìrora, pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà á dòmìnira, pé kò sájẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlú mẹ́rin wà táwọn ò ní fi sílẹ̀: Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ. Èkìtì Parapọ̀ náà ní tàwọn ni. Wọ́n fà á títí. Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò lé lórí ni pé ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà lọ́dọ̀ Ìbàdàn, àmọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ibẹ̀ mọ́ láàárín àwọn ará ìlú lè dìde kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì. O rí i? Ilẹ̀ lọ sápá kan, èèyàn lómìnira láti lọ sápá kejì. Àwọn Ìbàdàn lè délé kí wọ́n ní "a ò fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀", Èkìtì lè délé kí wọ́n ní "a ò ta ẹnikẹ́ni wa." Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé ló gba ojú àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ìtìjú. Àwọn baba ńlá ẹ jókòó sínú gbólóhùn yẹn ni, ìwọ náà ò bá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, tàbí kó o bínú sí i, èyí tó bá wù ẹ́.

Ìwé náà ní déètì June 4, 1886. Ṣé ogun parí lọ́jọ́ yẹn? Rárá o, ìwé lásán ni. Wọ́n ṣì ń wo ara wọn láti òkè dé òkè. Àfìgbà tí ìjọba Èkó rán ọkùnrin méjì míì, Higgins àti Oliver Smith, wá pẹ̀lú àwọn sójà Hausa díẹ̀, tí wọ́n wá dúró láàárín láti máa wo ìtúká àgọ́. Ní September 23, 1886 wọ́n kéde àlàáfíà, àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, iná sọ lágọ́, ilé tí wọ́n ti gbé láti bí ọdún mẹ́fà jóná kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ibi padà sí. Fọkàn sí èyí o: kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ kẹ̀yìn. Ẹni kẹta ló dúró láàárín kí wọ́n lè jọ kẹ̀yìn. Ohun táwọn UN tó ń dé fìlà búlúù ń ṣe lónìí náà nìyẹn, owó tiwọn kàn pọ̀ jù ni.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ dáa. Ìwé yẹn kan náà ní kí àwọn Mọ́dákẹ́kẹ́ kó kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Mọ́dákẹ́kẹ́ ò lọ. Wọ́n bọwọ́ lùwé, wọ́n lọ, ìjà náà sì kù sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ, ìwọ náà ò kéré jù láti gbọ́ nípa ti 1981 àti èyí tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ìlọrin náà ò tẹ̀ lé wọn, ọ̀rọ̀ Ọ̀ffà wà ńlẹ̀, nítorí náà àwọn Ìbàdàn kan tún dúró sí Ìkìrun tí wọ́n dojú kọ Ìlọrin títí di 1893 tí Gómìnà Carter fi gòkè wá tú wọn ká. Carter yẹn kan náà ni wọ́n tún fi ìbọn Máxímù wọ Ìjẹ̀bú nígbà ayé ẹ̀, ní Ìmàgbọ́n, ọdún 1892. Alárinà Gẹ̀ẹ́sì ò ṣàánú wa lásán jàre, ọ̀nà òwò ni wọ́n ń ṣí, bí wọ́n ṣe ń parí ìjà náà ni wọ́n ń kó orí ilẹ̀ sápò, ìwé tí Ìbàdàn fọwọ́ sí ní August 1893 lo máa kà tó o bá fẹ́ mọ iye tí ìlàjà náà ná wa. Kò sí alárinà tí kò ní tiẹ̀ nínú. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn máa bi ni pé, ohun tiẹ̀ yẹn, ṣé mo lè san án?

Ó ti tó fún Kírìjì. Jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa ìdí tí wọn kì í fi í pa ikọ̀, torí ìyẹn náà ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó. Àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an iṣẹ́ ni. Tí ìlàrí kan tó ń jẹ́ Mádàríkàn bá wọ ìlú ẹ, o ti gbọ́ ohun tí ọba fẹ́ sọ kó tó lanu. Èyí tí kò bá fẹ́ lo ẹnu á fi àrokò ránṣẹ́, owó ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, ìyẹn pé ọkàn mi ń fà sọ́dọ̀ ẹ, ẹni tó gbà á á dá mẹ́jọ padà, pé a jọ wà ńbẹ̀. Àwọn baba wa wá fi òwe méjì ṣe òfin iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Wọ́n tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìkejì yìí làwọn èèyàn máa ń sáré kà kọjá. Iṣẹ́ ẹrú ni ọ̀rọ̀ gbígbóná, èébú, ìhàlẹ̀ tí ọ̀gá ẹ sọ lórí ìbínú. Kó o fi tọmọ jẹ́ ẹ kì í ṣe pé kó o yí i padà o, ìyẹn irọ́ nìyẹn, wọ́n á mọ̀, wọn ò ní gbà ẹ́ gbọ́ mọ́ láé. Ó túmọ̀ sí pé kó o sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó gbọ́ ọ á ṣì lè fèsì.

Òfin tayé ń lò báyìí, Àdéhùn Vienna ti 1961, ohun kan náà ló sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ mú aṣojú ìjọba, wọn ò gbọdọ̀ wọ ẹ́ḿbásì láìgbàṣẹ, tí ogun bá tiẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, dandan ni kí wọ́n jẹ́ kí aṣojú náà jáde lọ ní àlàáfíà. Ìyẹn ló fi dun ayé nígbà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Tehran ní November 1979 tí wọ́n fi di èèyàn méjìléláàádọ́ta mú fún ọjọ́ 444. Ta ló yanjú ẹ̀? Iran àti Amẹ́ríkà ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, Algeria ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wọn títí wọ́n fi fọwọ́ síwèé ní January 1981. Láti 1980 dòní, Switzerland ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ní Tehran. Tí wọ́n bá ń bú ara wọn lórí tẹlifísàn báyìí, ará Switzerland kan wà níbì kan tó ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀. (Òfin yẹn náà ló ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí àpò ẹ́ḿbásì. Àwọn kan fẹ́ fìyẹn gbé Umaru Dikko, mínísítà àtijọ́ tó sá lọ, sínú àpótí láti London wálé ní July 1984, wọn ò kọ ìwé orí àpótí náà bó ṣe yẹ, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Stansted bá ṣí i. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Iṣẹ́ tí kò hàn lórí tẹlifísàn náà tún wà, èyí tó kan ọmọ mẹ̀kúnnù jù. Nígbà tí ogun Sudan bẹ́ sílẹ̀ ní April 15, 2023, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń kàwé ní Khartoum, bọ́ọ̀sì kó wọn dé bodè Egypt, Egypt ò jẹ́ kí wọ́n wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n sun inú aṣálẹ̀. Kò síbọn tó lè ṣí bodè yẹn. Àfi kí ẹnì kan nílé iṣẹ́ aṣojú máa bá ọ̀gá bodè sọ ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́ nípa orúkọ, pásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà bàálù. May 3 làwọn àkọ́kọ́ balẹ̀ l'Ábújà. Ó pẹ́ jù, àwọn òbí bínú, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Má sì rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ikọ̀ ń jagun pẹ̀lú. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn náà ló ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí Gómìnà. Nígbà ogun Biafra, ìdajì ogun náà orí tábìlì ni wọ́n ti jà á: Biafra ń wá orílẹ̀-èdè tó máa gbà pé ó dá dúró, Nàìjíríà ń sáré kiri kí wọ́n má gbà. Tanzania, Gabon, Ivory Coast, Zambia, lẹ́yìn náà Haiti, márùn-ún péré ló gbà. Wọ́n pàdé ní Kampala ní May 1968, Enahoro ṣíwájú tibí, Mbanefo ṣíwájú tọ̀hún, wọ́n tú ká. Wọ́n tún pàdé ní Addis Ababa lóṣù August, Ojukwu fúnra ẹ̀ wá, ó bá wọn sọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n tún tú ká. Ojú ogun ló parí ẹ̀ ní January 1970. Nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni o, ìgbà mìíràn ẹni tó lágbára jù ló máa borí bó o ṣe wí, pàápàá tí ìkan bá gbà pé òun ti ń ṣẹ́gun bọ̀. Ẹni tó ń ṣẹ́gun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ikọ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ẹ, ẹni tí ogun ti sú ló ń gbọ́.

Ó wá ku hòtẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ nínú. Jẹ́ n mú ẹ lọ sínú ọ̀kan. Ghana, 2003, ọ̀rọ̀ Liberia. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tiwa ni ECOWAS fi ṣe alárinà. June 4 ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní Accra, Charles Taylor, ààrẹ Liberia, fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, àfi bí kóòtù àkànṣe ti Sierra Leone ṣe gbé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, pé ó ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn, síta lọ́jọ́ yẹn gan-an, Taylor bá wọ bàálù padà sílé. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ìdáwọ́ ìjà dúró ní June 17, kò tó ọjọ́ mélòó kan, ó fọ́. Látìgbà yẹn lọ nǹkan tó o sọ yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́: àwọn aṣojú ajagun wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí wọn, ẹlòmíì ló ń san owó oúnjẹ, wọ́n ń jiyàn lórí ta ló máa jẹ mínísítà kí, bẹ́ẹ̀ bọ́ǹbù ń já lu àwọn ọmọdé ní Monrovia. Wàyí o, kò rẹ̀ wọ́n. Ìdí tí kò fi parí nìyẹn. Ogun ti sú àwọn tó wà ní Monrovia, kò tíì sú àwọn tó wà ní Accra.

Ní July 21, àwọn obìnrin Liberia tí Leymah Gbowee kó sòdí wá sí ibi ìpàdé, nínú aṣọ funfun, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n fọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa jáde títí wọ́n á fi gbọ́ra wọn yé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá láti mú Gbowee, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ ara ẹ̀. O jẹ́ Yorùbá, mi ò ní láti ṣàlàyé fún ẹ ohun tó túmọ̀ sí kí abiyamọ bọ́ra sílẹ̀ lójú ẹ. Gbogbo wọn sá sẹ́yìn. Abdulsalami jáde sí wọn, kò lé wọn, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó gbọ́ tiwọn, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun náà tó fẹ́ fò wọ́n kọjá, òun ló dá a padà sínú. Ohun tí alárinà tó mọṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ni pé ó rí i pé àwọn ìyá yìí ti bá òun ṣe ohun tóun ò lè ṣe: wọ́n gbé ìnira ogun wọnú hòtẹ́ẹ̀lì. Ó fi wọ́n ṣe ọwọ́ tó ń ti àwọn tó wà nínú.

Ṣùgbọ́n Taylor ńkọ́? Òun náà wà nípò àwọn Ìbàdàn ní Kírìjì, tó bá kẹ̀yìn, ó kú. Obásanjọ́ ní kó máa bọ̀ ní Calabar. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé, àwọn oníròyìn wa méjì táwọn ọmọ ogun ẹ̀ pa ní 1990 ṣì wà lọ́kàn wa, inú bí èmi náà. August 11 ló gbé ìjọba sílẹ̀ tó wọ bàálù, ní August 18 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Accra. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Ní 2006 wọ́n fà á lé kóòtù lọ́wọ́, ní 2012 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún fún un. Àwọn kan lára wa lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣì ń sọ pé bí wọ́n ṣe gbà á sílé tí wọ́n tún wá fà á lé wọn lọ́wọ́ yẹn ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ìlàjà mìíràn, pé olórí tó bá tún wà nínú irú wàhálà yẹn lọ́la ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Èmi ò lè bá wọn sọ ọ́ lójú ìyá tí wọ́n gé ọwọ́ ọmọ ẹ̀ ní Sierra Leone.

Ní ti àbúrò ẹ obìnrin, jẹ́ kó lọ kà á. Kó kọ́ Faransé látọdún kìíní, kó má dúró de ọdún kẹta, torí Benin, Niger àti Chad tó bá wa pààlà, Faransé ni wọ́n ń sọ, iṣẹ́ tiwa sì pọ̀ ní bodè ju New York lọ. Kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fira ẹ̀ kọ́ nǹkan kan tí mo máa ń ṣe fáwọn ọmọ mi ní kíláàsì àkọ́kọ́: màá mú ọmọ kan síta, màá sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan fún un, èébú ńkọ́, ìhàlẹ̀ ńkọ́, ìbéèrè kan sì wà láàárín, màá ní kó lọ jẹ́ ẹ fún ẹnì kejì tó jókòó sí kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń yọ èébú kúrò torí ojú ń tì wọ́n, àwọn kan á fi kún un. Lọ́dún kan ọmọbìnrin kan dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ẹni tí mo rán an sí, ó jẹ́ gbogbo èébú náà pé láìyẹ ẹyọ kan, ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìbéèrè wà láàárín ẹ̀ o, sir, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni mo fẹ́ mú èsì ẹ̀ padà." Ẹni yẹn ti la ẹnu láti bú u padà. Ó pa á dé, ó ní kó tún ìbéèrè náà sọ.